Abọ́ Mẹ́fà ní Ilé Màmá Arimọgija

Láti ọjọ́ Àìkú ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Òní ni Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì sì ni bọ́ọ̀sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó, mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ àdúgbò bá pè mí ní Àǹtí níbí ní Ọ̀wọ̀, á máa ṣe mí bíi pé ọ̀kan nínú àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní Arimọgija ló wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀. Ìgbafẹ́ ni mo ní kí n ṣètò o, kì í ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe ìsìnkú. Ìgbafẹ́ àwọn ọmọdé! Ta ló lè mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mo ti máa kó irú ìdààmú yìí?

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mi ò tíì lọ́kọ, mi ò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo ẹbí fi mọ̀ mí: mi ò lè rí ìrẹ́jẹ kí n dákẹ́. Láti kékeré ni. Bí wọ́n bá ń pín ẹran ọdún, tí wọ́n gbé itan fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n sì fi ọrùn àti apá adìẹ sílẹ̀ fún àwa obìnrin tí a dúró ti iná, èmi ni mo máa ń dìde béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Lọ́yà tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ níṣẹ́ ti dé." Lọ́yà yẹn náà ni wọ́n ń pè mí títí di òní.

Ohun tó sì ń dùn mí jù lọ ni ti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó máa ń kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan, níbi tí àga ti ń gbé ènìyàn yípo lókè, tí àwọn ọmọdé ń wa ọkọ̀ kéékèèké gbá ara wọn, tí wọ́n sì ń yọ̀ láti ibi gíga bọ́ sínú omi. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa. Àwọn ọmọ ilé Màmá Arimọgija á kó orí jọ sórí fóònù kan ṣoṣo, wọ́n á máa fi ìka fẹ àwòrán náà kó lè tóbi. Ní tiwọn, oko ni ìsinmi: àgbàdo ni wọ́n ń ya, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó. Màmá yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Lọ́dún yìí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo bi í bóyá ọmọ tí a bí sí Arimọgija kì í ṣe ọmọ. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, òun á sanwó, ṣùgbọ́n èmi tí mo lẹ́nu ni kí n ṣètò rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá mi.

Ẹ̀yin ará mi, mi ò mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Àwọn ọlọ́gbà ní àwọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà lásìkò yìí, nítorí èrò. Orí fóònù ni èèyàn ti ń rà á, ọjọ́ tí ènìyàn bá sì ti kún, wọ́n á ti ọjọ́ náà pa. Àyàfi ọmọ ẹ̀yìn, olúkúlùkù ọmọ ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, àgbàlagbà kan kò sì gbọdọ̀ kó ju ọmọ mẹ́rin lọ. Bí mo bá tẹ fóònù láàárọ̀, ọjọ́ kan á ti kún. Bí mo bá padà dé láti ọjà, òmíràn á ti kún. Nígbà tó yá, Sátidé kan ṣoṣo ló kù kí ilé ìwé tó wọlé, àyè ibẹ̀ náà sì ń tán lọ níṣojú mi. Mo gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ kíákíá.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi gbá mi lẹ́nu nítorí pé mo nàka sí àwọn ọmọ aládùúgbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní "ení, èjì, ẹ̀ta." Mo kàwé, mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, síbẹ̀ ahọ́n mi kò gbé e láti bi Màmá pé ọmọ mélòó ló wà nílé rẹ̀. Mo wá béèrè bí a ṣe máa ń béèrè nílé wa. Mo ní, "Màmá, abọ́ mélòó lẹ máa ń bu oúnjẹ àwọn ọmọ sí?" Màmá rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Ó ní, "Abọ́ mẹ́fà ni, Lọ́yà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀kan fọ́ níbẹ̀." Mo ṣe àmín. Èmi náà rò ó nínú ọkàn mi: Fúnmi, Sọjí, Dàmọ́lá, Bísí, Táyé àti Kẹ́hìndé. Ó bá abọ́ Màmá mu rẹ́gí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ mẹ́fà, pẹ̀lú ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ máa kó wọn wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Sátidé yẹn kún, wọ́n tì í pa.

Nítorí kí èrò má baà gbé ọmọ kankan sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, mo ra ẹ̀wù pólò yẹ́lò fún wọn, irú kan náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ mọ́tò láti Ọ̀wọ̀, mo tún gun ọ̀kadà dé Arimọgija, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́n wò. Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa, ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Bísí ní òun ò ní bọ́ tòun títí di ọjọ́ ìrìn àjò. Mo ń wọ̀ ọ́n fún wọn bí wọ́n ṣe ń tò síwájú mi, títí tí ọwọ́ mi fi kan ìsàlẹ̀ àpò, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọbìnrin kékeré kan tí mi ò rí rí dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń dúró kí n wọ ẹ̀wù fún un.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo ń pariwo ẹ̀tọ́ káàkiri, ṣé ẹ mọ ohun tó jáde lẹ́nu mi? Mo ní, "Ta ló lọmọ yìí?"

Ọmọ náà rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Màmá ló dá mi lóhùn, ó ní, "Ta ló tún lè ni ín bí kò ṣe èmi?" Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yẹ́misí, àbíkẹ́yìn Màmá tó ti wà nílé ọkọ ní Afọ tẹ́lẹ̀. Ilé ọkọ náà tú lẹ́yìn ọdún Kérésì, Yẹ́misí wá iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, ó sì gbé ọmọ wá fún ìyá rẹ̀. Mo ní, ṣùgbọ́n Màmá, abọ́ mẹ́fà lẹ sọ fún mi. Ó ní abọ́ mẹ́fà náà ni. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé inú abọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ìbejì ti ń jẹun, láti ìgbà tí wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú, àti pé bí wọ́n bá bu tiwọn lọ́tọ̀, Kẹ́hìndé kò ní fẹnu kàn án? Mo jókòó sórí àpò òfìfo náà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó gbìyànjú títí, kò sí àyè kankan mọ́. Ni Bọ̀ọ̀dá Délé, àkọ́bí Màmá, tó ni bọ́ọ̀sì tí a fẹ́ gbé lọ, bá dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní kí ló le níbẹ̀? Ọmọ ọmọbìnrin ni Rẹ́nikẹ́, bàbá rẹ̀ wà ní Afọ, kí bàbá rẹ̀ mú un lọ síbi ìṣeré. Ó ní bí mi ò bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n pọn ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, kí n sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ ẹ̀yìn ni. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀, tó ti ká eyín iwájú! Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò ní purọ́ lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé irọ́ kò dára. Mo tún ní, bí ó bá jẹ́ abọ́ la fi kà á, abọ́ Rẹ́nikẹ́ wà nínú mẹ́fà tí Màmá dárúkọ. Nínú àwọn ìbejì lẹnì kan ti sọnù nínú ìṣirò, kì í ṣe òun. Bọ̀ọ̀dá Délé ní, "Ó dáa, Lọ́yà, wá yọ ìbejì kan kúrò ká rí i." Ta ló lè ya ìbejì? Mo ní kí a ṣẹ́ kèké láàárín gbogbo wọn. Màmá ní a kì í ṣẹ́ kèké lé ìbejì lórí nínú ilé òun.

Ojú mi ti pọ́n. Níṣojú gbogbo àwọn ọmọ, mo là á mọ́lẹ̀ pé, "Bí gbogbo wọn ò bá lè lọ, ẹnikẹ́ni ò ní lọ!"

Mo rò pé òdodo ni mo sọ. Bóyá òdodo náà ni. Ṣùgbọ́n mi ò wo ẹni tí n ó gbé e lé lórí. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn Sọjí lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sọ fún Rẹ́nikẹ́ pé, "Ìwọ tó o ti Afọ wá yìí lo ba tiwa jẹ́. A ò pè ọ́." Dàmọ́lá ní kó padà síbi tó ti wá. Fúnmi kàn kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ilé ìwé girama tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀ ló ń lọ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, ìsinmi yìí ni ìkẹyìn tí òun àti àwọn yòókù máa jọ lò báyìí. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde. Ṣé kí n bá Sọjí wí ni? Ta ló kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ọmọ náà?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí mo fẹ́ máa padà sí Ọ̀wọ̀, wọ́n ti ń jẹun. Mo yà sí ilé ìdáná láti dágbére fún Màmá. Abọ́ kan wà lórí tábìlì, abọ́ onírin aláwọ̀ ewé, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì da ojú rẹ̀ délẹ̀. Màmá ń wò ó. Nígbà tí mo jáde sí àgbàlá, mo rí Rẹ́nikẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fúnmi, àwọn méjèèjì ń jẹ nínú abọ́ kan. Nígbà tó rí mi, ó dìde kíá, ọbẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa tún abọ́ kà. Èmi àti Àǹtí Fúnmi ti ń jẹ pọ̀ bíi Táyé àti Kẹ́hìndé."

Fúnmi ò gbójú sókè. Ó kàn fi ìka ti ẹran tó wà níwájú rẹ̀ sí apá ibi tí Rẹ́nikẹ́ ti ń jẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti tọ́ ọmọ ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà mí. Bí mo bá fi Rẹ́nikẹ́ sílẹ̀ kí n kó àwọn yòókù lọ, irú ẹnu wo ni n ó tún fi sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láyé mi? Bí mo bá dúró lórí ohun tí mo sọ, tí kò sí ẹni tó lọ, mo ti sọ ọmọ náà di ọ̀tá nínú ilé kan ṣoṣo tó kù fún un. Bí mo bá sì purọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n mú wa níṣojú wọn ńkọ́? Èmi fúnra mi ì bá yọ̀ǹda tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan kò lè kó wọn wọlé. Bọ̀ọ̀dá Délé ti rọ epo sínú bọ́ọ̀sì. Ó ní èmi tí mo dá ẹjọ́ ni kí n wá tú u.

Láàárọ̀ òní Màmá pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló fẹ́ bá mi sọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó ní, "Lọ́yà, abọ́ márùn-ún ni mò ń bu báyìí. Ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n bu tirẹ̀ mọ́."

Ẹ jọ̀wọ́, kí n tó gun mọ́tò padà sí Arimọgija lọ́la, kí ni kí n sọ fún ọmọ tó ń jẹun nínú abọ́ ẹlòmíràn, tó sì ń dúró dè mí pé kí n wá tún abọ́ kà?