Sòkòtò Jíìnì Tí Mo Fi Páànù Ẹ̀gẹ́ Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ kí ẹ tó kà á tán. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti dìde nídìí tábìlì yìí láti òwúrọ̀. Mo lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Mo lọ ti ilẹ̀kùn tí mo ti tì tẹ́lẹ̀. Ara mi kò balẹ̀, ọkàn mi náà kò balẹ̀.

Obìnrin arúgbó kan wà ní Tatonnonkon tó ń bẹ̀bẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sí ilé ọkọ òun ní Adja-Ouèrè. Ilé ọkọ rẹ̀ yẹn, ilé tiwa ni. Àwọn ará ilé wa kò gbà. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ló sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí èmi ni mo ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ní àjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹbí fẹ́ jókòó kí wọ́n fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí.

Ìgbà ìjọba kamaráádì ni ó ṣẹlẹ̀, ìjọba ológun tó ń pe gbogbo èèyàn ní kamaráádì, nígbà tí a máa ń kọrin Révolution kí a tó wọ kíláàsì, tí a sì ń ro oko ilé ìwé nínú oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Kakí ni gbogbo wa ń wọ̀ lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá ti dé, àwọn ọmọ tó ń gbé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu á wá kí àwọn ìyá wọn àgbà, wọ́n á sì wọ jíìnì tí wọ́n ń pè ní dèlàfé. Ó ti ṣì, itan rẹ̀ ti funfun, orúnkún rẹ̀ ti gbó, òwú ń yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní mọ̀ ọ́n dáadáa, ó kún ọjà báyìí. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá wọ̀ ọ́ gba iwájú ilé wa kọjá, àwọn àgbà á ní wèrè ọmọ wo nìyí. Ní tèmi, mi ò ní lè sùn mọ́, bó ṣe wù mí tó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Akànbí. Nígbà ìsinmi ọdún yẹn, ó mú jíìnì kan wá sílé tó dúdú bí aró. Ó ti wọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ó ká a sínú àpótí rẹ̀, ó ní ọjọ́ tí òun bá ń lọ kí àwọn àna òun ní Ikpinlè ni òun máa wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ojú mi kò ti kúrò lára àpótí yẹn. Mo sọ fún ara mi pé màá kàn jẹ́ kó ṣì díẹ̀, màá wọ̀ ọ́ lọ síbi ijó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá sì dá a padà. Mo tún ní òun gan-an á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Òun àti bàbá wa lọ sí oko, ọjọ́ méjì ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀. Ìyá wa wà lọ́jà. Ìyá wa máa ń fi ojafẹ́ẹ̀lì fọ sùtánà funfun tó ń wọ̀ lọ sí ìjọ Sẹ̀lẹ́, omi olóòórùn líle yẹn tí í bọ́ àwọ̀ lára aṣọ. Mo dà á sínú bàsíà, mi ò bu omi là á rárá. Mo rò pé bó bá ṣe le tó ni yóò ṣe tètè ṣiṣẹ́ tó. Mo ki sòkòtò náà bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà mo lọ yá páànù ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Opó ni, kò bímọ, epo pupa ni ó ń ṣe tà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Elépo. Ẹ mọ páànù tí mo ń sọ, èyí tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára, tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ó fún mi, kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó kàn ní kí n má fi ha ọwọ́ mi.

Mo na orúnkún sòkòtò náà sórí páànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á bí ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ gàrí. Ojafẹ́ẹ̀lì ti jẹ aṣọ náà látinú, mi ò sì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni orúnkún ọ̀tún ya gbàà. Etí rẹ̀ ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mú abẹ, mo gé ibi tó ti rà kúrò, mo rò pé yóò dára. Kò dára. Àwọ̀ rẹ̀ di bí ewé tó ti pọ́n. Mo sá a gbẹ, mo ká a, mo yí ibi tó ya sínú, mo tì í sábẹ́ àwọn aṣọ yòókù nínú àpótí. Èyí tí mo gé, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, mo jù ú sórí ìhá ẹyìn tí Ìyá Elépo kó jọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ìhá yẹn ló fi ń dáná. Mo ní kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, yóò ti di eérú.

Òjò rọ̀. Ìhá tutù, kò dáná epo fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ibà ni Akànbí gbé ti oko bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ìyá wa lọ ṣí àpótí rẹ̀ kó mú aṣọ ìbora, ni ó bá fa sòkòtò náà jáde. Ẹ̀yin ará ibí mọ ohun tí aṣọ gígé jẹ́ lójú wa. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ba ayé èèyàn jẹ́, aṣọ tó ti kan ara rẹ̀ ni yóò gé níbẹ̀. Nílé wa nígbà náà, a kì í sá aṣọ síta kí a má jókòó tì í. Ìyá wa figbe ta: “Yéè! Wọ́n ti gé aṣọ ọmọ mi o!”

Kíá, ilé kún. Wọ́n ń wá èyí tí wọ́n gé. Adìyẹ ló tú u síta nínú ìhá, lẹ́yìn ilé ìdáná Ìyá Elépo.

Ìyá Elépo wò ó, ó wo gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ní: “Èmi kẹ̀? Akànbí tí mo pọ̀n sẹ́yìn yìí?” Ìyẹn nìkan ló sọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Bí mo bá la ẹnu mi nígbà náà, ẹgba ni ǹ bá jẹ, bóyá ogún, bóyá ọgbọ̀n, ì bá sì tán. Ẹgba ni mo sá fún, ẹ̀yin èèyàn mi.

Dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, wá. Ó ní Révolution kò fẹ́ àjẹ́ rárá, ó ní kí kamaráádì yìí kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ní Tatonnonkon kí ilé lè rójú. Wọ́n fọ́ ìkòkò epo rẹ̀ méjèèjì. Lójú mi ni ó ṣe gbé ẹrù karí tó sì lọ. Kò sunkún, kò sì ṣépè fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà ilé ìwòsàn ti wá fún Akànbí ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mu ẹ̀kọ. Gbogbo ilé ní: “Ẹ ò rí i? Bó ṣe lọ ni ara yá.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí. Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ọkàn mi pé bóyá àjẹ́ ni lóòótọ́. Ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sílé ọkọ, mo bímọ, mo ń tajà. Lọ́dọọdún mo máa ń gbé ọṣẹ, iyọ̀ àti ìró kan lọ fún un. Àwọn ará ilé wa ní mo láàánú jù. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi bí ẹ̀gún.

Akànbí ni olórí ẹbí lónìí. Ó ní ẹni tó gé aṣọ òun kò ní sùn nínú ilẹ̀ ilé òun. Àwọn ará ilé bàbá Ìyá Elépo ní Tatonnonkon náà ní àwọn kò lè sin obìnrin tí wọ́n lé wálé nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sáàárín ilé. Igbó ni wọ́n ní àwọn yóò gbé e lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé. Orí ẹní ni mo bá a, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní: “Ìwọ nìkan ni. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwọ nìkan ni kò gbà á gbọ́. Òun ni mo fi ń mí látọjọ́ yìí. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ilé ni wọn yóò sin ọ́ sí.”

Mo ní “Àmín, ìyá.” Mo gbé ọṣẹ kalẹ̀, mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí Akànbí gbà á sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà á dé Tatonnonkon. Yóò rí ilé ọkọ rẹ̀ gbà padà, yóò sì mọ̀ pé ẹni kan ṣoṣo tó rò pé òun ní nínú ilé náà, ẹni yẹn gan-an ló ta òun. Bí mo bá dákẹ́, yóò kú pẹ̀lú ìfẹ́ mi lọ́kàn, wọn yóò sì gbé e lọ sígbó. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni tàbí ẹbí? Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà. Ó ti gbàdúrà fún mi, mo sì ti ṣe àmín.