Àbùkù Tí Naomi Yọ Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Memunat

Ọ̀rọ̀ tí Naomi Abọ́dẹrìn fẹ́ sọ láàárọ̀ Sátidé yẹn kò sí nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti ká ìwé náà sí méjì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Akínlọ́lá, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe ètò fíìmù lórí rédíò ní Ìkàrẹ́, kí àwọn olùgbọ́ tán, tó sì ní kó bẹ̀rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, irọ́ tí mo ti ń pa fún yín láti ọdún méjì, òní ni òpin rẹ̀. Mi ò ní sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná."

Akínlọ́lá wò ó. Wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó sì ti ní kó fi í sílẹ̀. Ohun tí bàbá Naomi náà wí nìyẹn. Ezekiel Abọ́dẹrìn, alàgbà ìjọ ní Ìwárò Ọ̀kà, jókòó tì í nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Naomi, iná tó ti kú, kí lo tún ń fẹ́ atẹ́gùn sí i fún? Ṣé orúkọ mi lo fẹ́ kó jó?"

Naomi ní, "Bàbá mi, ẹ ò bá mi purọ́. Orúkọ yín á dúró. Tèmi ni kó jó."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún àwọn olùgbọ́. Memunat, ọmọ Alùfáà Badmus ní Ọ̀kọ̀jà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n bí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ ọn. Naomi ló ń ta fáyólìn nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn; Memunat kò mọ ohun-èlò orin kankan lò, àmọ́ etí rẹ̀ mú ju ti ẹni tó ń lò ó lọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni katúùnù ilẹ̀ Jàpáànù, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ánímè. Wọ́n á forí korí sídìí fóònù kan, wọ́n á máa wò, wọ́n á máa jiyàn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó dá lórí ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin méjì. Ọmọkùnrin ń ta fáyólìn, ọmọbìnrin ń tẹ dùùrù, àìsàn ọkàn sì ń bá ọmọbìnrin náà fínra títí tó fi kú. Nígbà tí ilé rédíò ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ kọ èrò rẹ̀ lórí fíìmù kan ránṣẹ́, kí ẹni tó bá gbégbá orókè lè máa ṣe ètò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Memunat ní fíìmù yìí lòun máa sọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìrora dé. Ìka rẹ̀ wú, kò lè tẹ fóònù. Ó bá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Naomi. Ó ní, "Bá mi tẹ̀ ẹ́, kí o fi orúkọ mi sí i. Má yọ nǹkan kan."

"Ohun tó ní ó dára nínú fíìmù náà, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi," Naomi wí. "Pé àwọn tó yà á mọ iṣẹ́: ibi tí ìka ọmọbìnrin yẹn bá balẹ̀ lórí dùùrù, ohùn ibẹ̀ gan-an lẹ máa gbọ́. Pé wọn kì í sọ ìfẹ́ jáde lẹ́nu. Bí ọ̀kan ṣe ń dúró kí ìkejì mí kó tó bẹ̀rẹ̀ orin, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí ẹ̀. Ti Memunat ni. Èmi tí mo ń ta fáyólìn láti kékeré, mi ò rí i.

"Àbùkù tó sọ, ẹ ò gbọ́ ọ rí, torí mo yọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí orin bá ti ń dùn bọ̀, ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í ro inú ara rẹ̀ fún wa, orin á sì kú. Ó ní olùkọ́ tó ń lu ọmọkùnrin yẹn bí ẹni lu bàrà, ìfẹ́ ni wọ́n pe ìyẹn, òun ò gbà. Ó wá ní ọmọbìnrin aláìsàn yẹn, ẹ̀rín ló ń rín títí tó fi kú. Ẹnikẹ́ni ò rí i kó bì, ẹnikẹ́ni ò rí i kó bínú. Wọ́n kàn pa á ni, kí ọmọkùnrin lè mọ fáyólìn ta. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Ó ní, 'Naomi, ta ló sọ pé kí n kú kí ẹlòmíì tó gbọ́n?'"

Gbogbo èyí ni Naomi gé kúrò. Ó fi tirẹ̀ dípò rẹ̀, pé ìrora aláìsàn lè di ìbùkún fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. "Ẹ má di ẹrù yìí ru Sàtánì," ó ní. "Ojú ló ń kán mi."

Akínlọ́lá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Naomi, ó tó."

"Kò tíì tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí tó burú jù."

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ni Memunat pè wọlé láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Ó ní, "Èmi Memunat ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ mú Naomi, èmi ni mo ni ín." Naomi fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi ni. Ara rẹ̀ ò yá, oògùn ti ń da orí rẹ̀ rú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún un." Ó sì gbàdúrà. Memunat ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ìpè náà.

"Àdúrà yẹn dùn," Naomi wí. "Mo fi Ọlọ́run bo olè."

Memunat ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi kékeré kan níwájú ilé bàbá rẹ̀. Kó tó ti ọsibítù dé, àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn kúrò. Ìyá kan sọ ọ́ sí i lójú pé, "Mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí orí ẹ̀ ń dàrú." Ọmọ márùn-ún péré ló ṣẹ́ kù.

"Àwọn olùgbọ́ ní kí n tún sọ̀rọ̀ lórí fíìmù yẹn lónìí," Naomi wí. "Mo tún un wò. Nígbà tó débi tí ọmọbìnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín kú, mo pa fíìmù náà. Àwọn kan ní kí n lọ bẹ Memunat ní kọ̀rọ̀. Ṣé kọ̀rọ̀ ni mo ti bà á jẹ́? Mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe àmín, tẹ́ ẹ kó ọmọ yín lọ láìbi í ní nǹkan kan, ẹ̀yin náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: olè ọ̀rọ̀ kì í dúró sí olè. Ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè, dandan ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ di wèrè."

Fóònù dún. Akínlọ́lá wo ẹni tó ń pè, ó wo Naomi, ó sì jẹ́ kó wọlé.

"Mò ń gbọ́ ẹ," Memunat wí. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Mi ò ní kí o dárí jì mí."

"Ó dáa. Lórí rédíò, ẹnikẹ́ni ò rí ojú ẹ. Wá síwájú ilé wa ní Mọ́ńdè, kí o sọ ọ́ fún àwọn òbí yẹn lójúkojú."

Ilé rédíò ní kí Naomi lọ sinmi nílé. Ní Mọ́ńdè, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Ìwárò, ó dúró sẹ́nu géètì ní Ọ̀kọ̀jà. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé mìíràn ń kọjá, ó ń dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. "Irọ́ ni mo pa. Orí Memunat pé." Obìnrin kan tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Naomi kò wolẹ̀. Ismaheel, tó ń ta igi pákó, gbọ́ ọ délẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó pa ọ̀kadà náà, ó sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kalẹ̀, ó ní, "Wọlé lọ bá àǹtí ẹ."

Oòrùn ti mú kí Memunat tó jáde. Ó fara ti géètì, kò kí Naomi. Ó wo ọ̀nà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì.

"Òbí mẹ́ta ò gba ibí kọjá lónìí," ó ní. "Padà wá lọ́la."