Àwọn Nọ́ńbà Tí Mo Dà Kọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́. Dókítà ti ní kí ìyàwó mi máa múra sílẹ̀; wọ́n rò pé n kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kànlá, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ rántí obìnrin tí à ń pè ní Afarabalẹ̀, ẹni tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ wa? Èmi ni mo bà á lórúkọ jẹ́.

Ẹ mọ dìbọ́gà wa, ètò tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń wá àléébù inú ètò tí wọ́n kọ. Bí ètò kan bá kọsẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi àmì ránṣẹ́, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Dìbọ́gà á gbọ́ ọ, á dá ètò náà dúró, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oríṣi kọ̀ǹpútà méjì ni tiwa ń bá ṣiṣẹ́, nọ́ńbà wọn kò sì bára mu tán. Lórí èkíní, nọ́ńbà ẹ̀wá jẹ́ ìkíni lásán. Lórí èkejì, ẹ̀wá ni igbe ìjàǹbá. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ lọ́ pọ̀ sí bí irun tí kò rí òòyà. Ọ̀gá ní kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀.

Mo ṣe ti èkíní dáadáa. Nígbà tó kan èkejì, ó ti sú mi. Mo da àtẹ nọ́ńbà èkíní kọ síbẹ̀ látòkè délẹ̀, mo ní màá padà wá tún un ṣe. Ta ló padà? Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kì í jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á kó sì fọwọ́ sí i, ẹni tó fọwọ́ sí i kẹ́yìn ló sì ń dáhùn fún un. Afarabalẹ̀ kà á. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dán ìkejì yìí wò. Mi ò lè fọwọ́ sí i o." Mo sọ̀rọ̀ sókè, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ yìí, tí wọ́n bá fún ẹ lómi, wàá kọ́kọ́ ka iye ẹ̀kán tó wà ńbẹ̀." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ó lọ jẹun ọ̀sán, kò ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo fi orúkọ rẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ mi. Olè ni mí, ẹ má pè é lórúkọ mìíràn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé alájà púpọ̀ fi dìbọ́gà wa yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ètò wọn ń ké ìjàǹbá. Tiwa ń sọ fún wọn pé ìkíni ni. Ẹ̀rọ náà já pẹ̀lú agbálẹ̀ kan nínú rẹ̀. Títí dòní, agbálẹ̀ náà kò tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́. Ọ̀gá pè wá jọ. Orúkọ Afarabalẹ̀ ló wà lórí iṣẹ́ náà. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo kọ̀." Mo ní, "Mi ò rántí pé ó kọ̀." Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí, kò sì bú mi. Ìbá sàn ká ní ó bú mi.

Àná ni mo ní kí wọ́n pè é wá. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí ibùsùn yìí, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ẹ̀wá nìkan ni wọ́n tún ṣe nígbà yẹn. Ṣebí gbogbo àtẹ yẹn lẹ dà kọ? Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mẹ́ta ló kù tí kò bára mu. Láti ọdún mọ́kànlá yìí ni mo ti mọ̀ wọ́n. Bí mo bá tọ́ka sí wọn, wọn á bi mí bí mo ṣe mọ̀, nítorí náà mo dákẹ́, àwọn ènìyàn sì ń gun ohun tí wọ́n fi dìbọ́gà wa yẹ̀ wò. Mo bẹ Afarabalẹ̀ kó dárí jì mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ tún un ṣe ná. Ọwọ́ mi kò lè tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ ẹlòmíràn bo iṣẹ́ ọwọ́ yín láéláé. Ẹ mú bírò. Èje. Èjìlá. Ẹ̀tàdínlógún. Ẹ tún wọn ṣe lónìí, kí ẹ yọ orúkọ Afarabalẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ tèmi sí i.