Báàgì Tí Kò Tú Rí

Níbi tí a tò sí láti rọ gáàsì létí títì márosẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó, ọkùnrin kan wà níwájú mi tó ga débi pé ẹyẹ lè bà lé e lórí kó rò pé òpó iná ni.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tú báàgì ìrìn àjò yín tó wà nílé yẹn. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ti dé."

"Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni mo ti gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù fún, mi ò tú báàgì rí. Ọjọ́ tí mo bá tú u, ó parí nìyẹn."

"Orúnkún tó wú yìí ńkọ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀! Òní ni ẹgbẹ́ mi máa pè láti sọ bóyá wọ́n ṣì fẹ́ mi."

Fóònù dún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó tóbi bí ọpọ́n na fóònù náà sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, jọ̀wọ́, bá mi gbé e."

Obìnrin náà kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."