Fíúsì Ilé Ìdáná Ìjọ Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ má fa aṣọ mi pé kí n jókòó. Dókítà ti sọ pé ọkàn mi ti rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá màá rí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ẹ ti ń pè mí ní Tíṣà. Ó yá, ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà yín ṣe. Adéníran kọ́ ló jó ilé ìdáná ìjọ wa. Èmi Akínlolú ni.

Ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí ìkórè ń bọ̀, a ra bọ́ílà onína kejì tí a ó fi máa se omi fún àlejò. Adéníran tó ń ṣe iṣẹ́ iná fún wa wo wáyà ara ògiri, ó ní kò lè gbé méjèèjì, pé kí ìjọ jẹ́ kí òun fa wáyà ọ̀tọ̀ fún èyí tuntun. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n pe Tíṣà. Ẹ mọ bí a ti rí ní Èkìtì níbí: bí ẹni tó kàwé bá ti sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn ti parí. Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi níwájú wọn. Iná tó ń wọlé jẹ́ òjìlénígba fóltì. Bọ́ílà kan ń fa áńpù méjìlá. Pín òjìlénígba sí ọ̀nà méjìlá, ìdènà inú bọ́ílà náà jẹ́ ogún óòmù. Mo da ogún pọ̀ mọ́ ogún, ó di ogójì. Mo tún fi ogójì pín òjìlénígba, ó ku áńpù mẹ́fà. Mo ní ṣé wọ́n rí i, pé bí a bá gbé ìkejì sí i, ńṣe ni iná tó ń gba ojú wáyà máa dínkù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Adéníran nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó rọra sọ pé, “Tíṣà, mo bẹ̀ yín, iná ulé kì í tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń dúró sí, oníkálukú á sì gba tirẹ̀.” Mo bi í pé yunifásítì wo ló ti kọ́ ìyẹn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì so bọ́ílà kejì mọ́ ibi tí mo ní kó so ó mọ́.

Mo délé, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi tún ìṣirò náà ṣe. Òótọ́ ni Adéníran sọ. Òjìlénígba fóltì ni bọ́ílà kọ̀ọ̀kan máa gbà, áńpù méjìlá ni kálukú máa fà, á di mẹ́rìnlélógún lórí wáyà tí kò lè gbé ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún wáàtì! Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí iṣẹ́ wọn bá ṣì, kí wọ́n má ya ìwé, kí wọ́n má pa á rẹ́, pé ìlà kan ni kí wọ́n fà lé e kí olùyẹ̀wò lè rí ibi tí wọ́n ti ṣìnà. Mo ya tèmi. Mo ká a sínú Bíbélì. Kí ló ṣòro nínú kí n padà lọ sọ pé mo ṣì í? Ìgbéraga ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Lọ́jọ́ ìkórè, fíúsì gé. Adéníran pààrọ̀ wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, ó pa bọ́ílà kan, ó ní kí wọ́n máa lo ẹyọ kan, ó sì padà sí ìsìn. Adéfúnkẹ́ tó ń dáná fún wa wá bá mi, ó ní omi kò tó, ṣé kí òun tan ìkejì? Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Bí mo bá ní rárá, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé Adéníran ló mọ̀ ọ́n. Mo ní kó tàn án. Fíúsì tún gé. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo já wáyà kọ́pà tó nípọn nínú àpò irinṣẹ́ Adéníran, mo sì wé e sínú fíúsì náà. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ wáyà, mo sì di ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́nu. Mo sọ fún Adéfúnkẹ́ pé, “Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, kò séwu.”

Orin ọpẹ́ là ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí a gbóòórùn rọ́bà. Wáyà ti gbiná nínú ògiri, pákó òrùlé sì gbà á. Adéfúnkẹ́ ti jáde, ó tún padà wọlé lọ gbé ìkòkò ìjọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló jó. Ẹ mọ ọwọ́ tí mò ń wí, ọwọ́ tó ń gún iyán fún gbogbo wa. Títí dòní kò lè di ọmọ odó mú.

Wọ́n rí kọ́pà nínú fíúsì, àpò Adéníran ló sì ti wá. Ó búra pé òun kọ́. Ó wá yíjú sí mi níwájú ìgbìmọ̀: “Tíṣà, ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀.” Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní n kò mọ nǹkan kan, oníṣẹ́ iná kọ́ ni mí. Nígbà tí wọ́n bi Adéfúnkẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ní Tíṣà ló wọlé, Tíṣà ló ní kò séwu. Mo ní ìrora ló ń dà á láàmú. Èmi ni wọ́n gbà gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún Adéníran ní Adó yìí. Ó padà sí Ìgbẹ́mọ lọ gbin ìrẹsì, ibẹ̀ ló kú sí ní èṣí.

Láti ìgbà náà, iná kì í dé ládùúgbò wa ní Adébáyọ̀ kí inú mi dùn. Bí àwọn ọmọ bá ti hó pé iná ti dé, imú mi á gbọ́ òórùn rọ́bà, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: méjìlá àti méjìlá. Mo máa ń pa gbogbo iná inú ilé, màá sì máa fọwọ́ kan ògiri káàkiri bóyá ó gbóná. Ìyàwó mi rò pé ogbó ni. Ìgbà míì, màá rí Adéníran lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Kì í bínú. Ó kàn ń dúró kí n sọ̀rọ̀.

Ayọ̀níkẹ́, ìyàwó Adéníran, mo ránṣẹ́ pè yín láti Ìgbẹ́mọ, ẹ sì wá láì bèèrè ìdí. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni kí ìjọ yìí wẹ orúkọ ọkọ yín mọ́. Adéfúnkẹ́, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ, jọ̀wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣì í, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà lórí ìwé.

Ìwé tí mo ya nìyí. Láàárọ̀ yìí mo fa ìlà kan lé mẹ́fà, mo kọ mẹ́rìnlélógún sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ Adéníran síwájú rẹ̀, torí òun ló rí ìdáhùn náà. Ẹ bá mi gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ibi tó jókòó sí.