Ṣọ́ọ̀kì Lára Ilẹ̀kùn Mi

Má jókòó! Mo ní má jókòó, Olúṣínà! Dúró síbẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ wo ilẹ̀kùn mi yìí, kí o wá sọ fún mi, ìwé wo ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì tó ní kí o máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilé onílé ní Warri, lásìkò tí Warri ń jó! Dọ́kítà! Dọ́kítà kí ni? Dọ́kítà tí kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá sàmì sí lónìí, iná ni ń bẹ níbẹ̀ lọ́la?

Kí lo wí? Kí ẹ má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì? Yéè! Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?

Ta ló wá bẹ̀ mí? Ṣebí ìwọ náà ni! O dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbí, o ní, "Ìyá Adébímpé, ẹ̀yin nìkan ni àwọn ọmọbìnrin tó ti òkèèrè wá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ní àdúgbò Ugbuwangue yìí, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, ìwádìí ìlera ni, a fẹ́ mọ ìdí tí wọn kì í fi í wá sílé ìwòsàn tí wọ́n bá lóyún." Mo wò ọ́, mo rí ojú ìyá rẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi n'Íjẹ̀bú, mo ní ọmọ mi ni. Mo wọ ojúlé dé ojúlé nítorí rẹ. Àwọn ọmọ Kétu, àwọn ọmọ Sábẹ́, tí wọ́n sọdá bodè wá ń bá wa yan ẹja, tí wọn kì í jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ibi tí wọ́n ti wá! Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà yìí ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ tó ń mú àdá kiri bá bi wọ́n pé "which tribe you be?", èsì kan ni mo kọ́ wọn: "I be Mama Adebimpe pikin." Ó sì ń gbà wọ́n. Orúkọ mi ni wọ́n ń sá sí lábẹ́.

Ìwọ wá rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ wá lánàá, aṣọ wọn funfun báláú, wọ́n dúró lójú títì, wọ́n ń pariwo bi àwọn ọmọ yẹn ní ẹ̀yà, ìlú, ibi tí wọ́n ń sùn! Lójú títì, Olúṣínà! Lójú àwọn aládàá yẹn! Tí wọ́n bá ti bi ẹnì kan tán, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì ya àgbélébùú sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé tí kò bá sí àlejò níbẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Àbí ẹ̀yin àti àwọn asunlé jọ ṣèpàdé ni? A ní kí o fẹ́ni lójú, ata lo fi sẹ́nu!

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Patience tó ń ta búrẹ́dì lọ́ọ̀ọ́kán sáré wá, ó dì mí lápá mú: "Mama, dem don mark una door o! Na una turn be dis!" Ilé dàrú. Àwọn ọmọ yẹn ò mú igbá, wọn ò mú àwo, wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Adérìnsọ́lá, ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, náà bá wọn lọ, tòun ti ikùn rẹ̀ tó ti wọ oṣù ìbí, ọmọ tí mo ń fi ọwọ́ ara mi tọ́jú. Kó tó wọkọ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mú wọn wá." Ó dùn mí dé egungun.

O tún ń bi mí bóyá mo lè bá ẹ wá àwọn mìíràn? Hẹ̀ẹ̀! Ojú kì í tilẹ̀ tì ẹ́?

Gba àkísà yìí. Gbà á! Omi nìyẹn nínú garawa. Bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn mi, nù ún dé ìpẹ̀kun àdúgbò, ìwọ fúnra rẹ, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, kí gbogbo ẹni tó rí wọn tí wọ́n ń sàmì rí ìwọ náà tí o ń pa á rẹ́. Tí o bá ṣe tán, ọkọ̀ Akínrẹ̀mí, aládùúgbò mi, wà létí omi, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń wá Adérìnsọ́lá lọ sí ọ̀nà Ijala tí ọkọ̀ wọn forí lé. Tí a bá rí i, wàá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Tí a ò bá rí i... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o.

O ní kí ni? Pé ẹ ò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá fún yín? Háà! Háhàhàhà! Ṣínà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ìwádìí yín ti parí lánàá! Nu ilẹ̀kùn, jàre.