Páálí Tí Kò Ju Èékánná Lọ

Nígbà tí ẹ̀yà ara mọ́tò wọ́n bí ojú, mo lọ ra bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ní Challenge n'Ìbàdàn, mo sì bá bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń tọrọ páálí púlọ́ọ̀gì àtijọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò fẹ́ púlọ́ọ̀gì. Páálí lásán ni.

"Ẹ má bínú, bàbá. Páálí òfìfo kì í kúrò níbí láìjẹ́ pé mo fà á ya. Ayédèrú làwọn tó ń tọrọ ẹ̀ ń kó sínú ẹ̀."

Bàbá yọ páálí kan tí kò ju èékánná lọ nínú àpò. "Ayédèrú wo ló máa wọ inú èyí?"

"Háà! Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń fi pákó kàn, kò ju àga yẹn lọ. Títì tí wọ́n fẹ̀ ti gba ojúlówó ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹrù inú ẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ ṣe, mi ò sì rántí àwọ̀ páálí ìgbà yẹn dáadáa."

Obìnrin náà wá ọ̀kan tó ti ṣá jáde lábẹ́ káńtà. Kó tó nà án sí bàbá, ọwọ́ ẹ̀ ti fa ìdérí ya. "Yé! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ó ti mọ́ mi lára ni."

Bàbá wo ojú ibi tó ya náà títí. Wọ́n wá fi èékánná fa ìdérí páálí kékeré tiwọn ya.

"Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ń kàn ni màá ju èyí sí. Ọ̀gá mi náà kì í ju òfìfo nù láìfà á ya."